Bí Ẹgbẹ́ Ìtàn Ìlú Ṣe Ń Wá Ọdún Nínú Ọ̀rọ̀ Àgbà

Kí ẹgbẹ́ ìtàn ìlú kan ní Àkúrẹ́ tó ka ìtàn àdúgbò sétí àwọn ọmọ àdúgbò, wọn yóò ti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, wọn yóò ti dà á kọ, wọn yóò sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn olórí ẹbí. Apá yìí kò ṣòro láti lóye. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í bìkítà fún ni bí ìtàn náà ṣe ń ní ọdún. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wé àlọ́, wọ́n ní àgbà kò mọ ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe tó ń dunni ni. Ọdún wà nínú ọ̀rọ̀ àgbà. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń wá a ni kò tọ̀nà.

Ẹni tó bá bi ìyá arúgbó léèrè pé, “Ọdún wo ni wọ́n la títì yìí?” yóò gbọ́ pé, “Ayé Adésídà ni.” Òótọ́ ni ìyá sọ, ṣùgbọ́n Déjì Afúnbíowó Adésídà Kìíní gorí ìtẹ́ ní 1897, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1957. Ewúrẹ́ tí a fi okùn gígùn so mọ́ èèkàn kan yóò jẹko yí ibẹ̀ ká. Bí a bá tún so ó mọ́ èèkàn kejì, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé yóò dín kù. Bí ẹ̀kẹta bá wọ̀ ọ́, ojú kan ni yóò dúró sí. Ayé Adésídà jẹ́ okùn ọdún 60, iṣẹ́ ẹgbẹ́ sì ni láti wá èèkàn yòókù.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yí ìbéèrè padà: “Màmá, ṣé ẹ ti wọlé ọkọ nígbà náà? Ta ni ẹ pọ̀n?” Bí ìyá bá ní òun ṣì wà nílé bàbá òun nígbà tí wọ́n ń la títì, àti pé àkọ́bí òun wà lẹ́yìn òun lọ́jọ́ tí òòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, èèkàn tó lágbára ti dé nìyẹn, nítorí 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947 ni òṣùpá bo òòrùn lójú ní gúúsù Nàìjíríà. Títì ti wà ṣáájú 1947. Bí ó bá tún rántí èwo nínú àwọn àbúrò rẹ̀ tó ti ń rìn nígbà náà, ọdún tó kù láti yàn nínú rẹ̀ kò ní pọ̀ mọ́.

Àwọn tó gbà pé ìwé nìkan ni ẹ̀rí a máa sáré lọ wo ìwé orúkọ ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Àkúrẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí kejì, ó ti tó ilé-ìwé lọ. Ọjọ́ orí ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kò ju ohun tí tíṣà fojú bù lọ. Ìyá tó mọ ẹni tó bí tẹ̀lé ẹni ni ẹ̀rí rẹ̀ dá mi lójú jù.

Ìgbà tí wọ́n bá wá ka ìtàn náà fún àdúgbò ni ọgbọ́n ètò yìí hàn jù. Ẹnìkan yóò dìde pé, “Rárá o, wọ́n ti sin bàbá wa kí títì yẹn tó dé,” wọn yóò sì tẹ̀ lé e wọlé lọ wo oórì bàbá náà, níbi tí wọ́n ti fi nǹkan ṣóńṣó kọ ọdún ikú rẹ̀ sára símẹ́ǹtì kí ó tó gbẹ. Ẹgbẹ́ ti ní èèkàn mìíràn, èyí tí kò sí nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kó jẹ́ pé ààfin tàbí gbọ̀ngàn ńlá nìkan ni wọ́n ti ń kà á. Ta ni yóò dìde ta ko ìtàn níwájú àwọn ìjòyè? Ẹ̀yìnkùlé àdúgbò ló dára jù, ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn obìnrin ti tọjà dé. Bí ẹ̀rí méjì bá sì takora síbẹ̀, kí akọ̀wé kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú agbo ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni tó mọ oórì mìíràn wà ní ìpàdé tó ń bọ̀.