Ọjọ́ tó wà lára físà kọ́ ni ọjọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà

Bí ìyá bá lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ ní Houston tàbí Atlanta, ọ̀rọ̀ méjì kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé. Àwọn kan á ní: “Físà Màámi ṣì ku ọdún kan àbọ̀, kí ni wọ́n ń sáré bọ̀ wálé wá ṣe?” Àwọn mìíràn, pàápàá láti ọdún 2025, á ní: “Oṣù mẹ́ta ni físà wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ kó tó pé.” Ọ̀rọ̀ méjèèjì ta kora, ṣùgbọ́n ìdí àṣìṣe wọn kò yàtọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára físà ni wọ́n fi ń ka iye ọjọ́ tí àlejò lè lò nílùú, físà kò sì sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Àṣẹ láti wá kanlẹ̀kùn ni físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní B1/B2. Kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà tó wà ní Walter Carrington Crescent, Victoria Island, tàbí ẹ́ḿbásì wọn ní Àbújá ló ń fún ọmọ Nàìjíríà kí wọ́n tó dá a dúró ní oṣù kìíní ọdún 2026. Ọjọ́ tó wà níbi tí wọ́n kọ “Expiration Date” sí ni ọjọ́ tó kẹ́yìn tí èèyàn lè gbé físà náà dé ẹnubodè kó sì ní kí wọ́n gba òun wọlé. Bó bá ti wọlé, iṣẹ́ físà ti parí. Físà lè kú sínú pásípọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kejì tí Màmá dé, kò dí wọn lọ́wọ́ láti jókòó ti ọmọ-ọmọ wọn.

Ta ló wá ń dá ọjọ́? Òṣìṣẹ́ CBP ni, àwọn aṣọ́bodè tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfurufú. Àlejò tó bá wá pẹ̀lú B2, ìyẹn apá àbẹ̀wò nínú físà yìí, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbà wọ́n láyè dé ọdún kan. Ọjọ́ tó dá yìí ló wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94. Káàdì kékeré funfun ni I-94 nígbà kan, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pásípọ́ọ̀tù. Láti ọdún 2013, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ti àwọn tó bá wọ bàálù wọlé wà, èyí ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lò ó tán láìmọ̀ pé ó wà rárá.

Ojú òpó tí wọ́n ti ń rí i ni i94.cbp.dhs.gov, ọ̀fẹ́ sì ni. (Àwọn òpó ayédèrú tó jọ ọ́ pọ̀, tí wọ́n ń gba owó lórí ohun tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá ti parí sí .gov, ẹ jáde níbẹ̀.) Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ḿbà pásípọ́ọ̀tù àti orílẹ̀-èdè tó fúnni ni pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń béèrè. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí àkọsílẹ̀ kankan, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ nínú pásípọ́ọ̀tù, ẹ gbìyànjú orúkọ àbísọ kan ṣoṣo, kí ẹ tún dán méjèèjì tí a kọ papọ̀ wò. Bó bá jáde, “Admit Until Date” ni ẹ wá lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi pamọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá dé ni kí ẹ ṣe èyí, kì í ṣe oṣù karùn-ún. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣèèṣì kọ ọjọ́ tàbí orúkọ, ọ́fíìsì CBP kan wà tí wọ́n ń pè ní deferred inspection, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ó sì rọrùn láti tún àṣìṣe tó ṣẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ju èyí tó ti pé oṣù márùn-ún lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń gé oṣù mẹ́fà yẹn kúrú: pásípọ́ọ̀tù tó fẹ́ẹ̀ kú. Bó bá ku oṣù mẹ́rin kí pásípọ́ọ̀tù parí, òṣìṣẹ́ lè fi I-94 mọ síbi tí pásípọ́ọ̀tù mọ. Ẹ máa tún pásípọ́ọ̀tù ṣe kí ẹ tó wọ bàálù.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ ṣe é, kó lè yé wa. Láti oṣù keje ọdún 2025, físà àlejò tí Amẹ́ríkà ń fún ọmọ Nàìjíríà di oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré sì lèèyàn lè fi wọlé. Ká ní Màmá gba tiwọn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, tó sì máa kú ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Wọ́n balẹ̀ sí Houston ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Físà ku ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ I-94 sọ pé ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2026. Ọjọ́ I-94 yìí ni tiwọn. Ẹni tó bá lé wọn padà sílé ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ti fi oṣù márùn-ún àbọ̀ ṣòfò. Ẹni tó bá sì ní físà ọlọ́dún púpọ̀ ti àtijọ́, tó wọlé lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 19 oṣù kẹrin yẹn náà ni tirẹ̀, bó ti wù kí ọdún tó kù lára físà pọ̀ tó.

Nígbà náà, kí làwọn èèyàn ń sọ bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ “fi kún físà” láti ibẹ̀? Kò sí ibì kankan nínú Amẹ́ríkà tí àlejò ti lè fi kún físà. Ọjọ́ ìjókòó ni wọ́n ń bá èèyàn sún síwájú, iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjòjì, tó ń jẹ́ USCIS, ló sì ń ṣe é, nípasẹ̀ fọ́ọ̀mù I-539. Ẹ́ḿbásì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá gbà, ọjọ́ I-94 ló máa yí padà. Físà tó ti kú kò ní jí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí Màmá bá fò lọ sí London fún ìgbéyàwó láàárín kan, wọn kò ní lè padà wọlé láìní físà tuntun, àfikún ọjọ́ tí wọ́n sì náwó lé lórí ti lọ nìyẹn.

Òfin I-539 tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ USCIS kí ọjọ́ I-94 tó kọjá. USCIS fúnra wọn ní kí èèyàn fi í ránṣẹ́ ó kéré tán ọjọ́ 45 ṣáájú. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 5 oṣù kẹta nìyẹn. Dọ́là 420 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù kẹrin ọdún 2024, dọ́là 470 bó bá jẹ́ bébà lẹ fi ránṣẹ́. Dọ́là 85 tí wọ́n máa ń gbà fún ìtẹ̀ka tẹ́lẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ wo iye tó wà lójú òpó USCIS lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ san án, torí owó tí kò bá pé, ńṣe ni wọ́n ń dá ìwé padà, ọjọ́ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ló dára jù ní tiwa: rìsíìtì máa ń jáde kíá, kò sì sí pé póòsì gbé e sọnù. Bí Bàbá àti Màmá bá jọ lọ, fọ́ọ̀mù kan ló tó wọn, ẹni kejì á fi I-539A kún un, owó kan náà ni.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n lè fi kún un lẹ́ẹ̀kan, ó pọ̀ jù. Ẹ má kàn béèrè oṣù mẹ́fà torí pé ó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé dókítà ní kí ìyá ọlọ́mọ má gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oṣù mẹ́ta lẹ béèrè, kí lẹ́tà dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìbéèrè tó bá ìdí rẹ̀ mu rọrùn láti gbà.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù ni ibi tí iṣẹ́ wà. Nǹkan mẹ́ta ni USCIS ń wá nínú rẹ̀: ìdí tí ọjọ́ tí wọ́n fúnni kò fi tó, ohun tó fi hàn pé èèyàn máa lọ àti ètò tó ti ṣe láti lọ, àti bí ìdúró náà ṣe kan iṣẹ́ tàbí ilé tó ní lókèèrè. Fún ẹ̀kejì, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ tí wọ́n ti sún síwájú dára ju ìlérí lọ. Fún ẹ̀kẹta, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé ilé, lẹ́tà láti ọ̀gá níbi iṣẹ́ pé ààyè Màmá ṣì wà, ọkọ tó wà nílé. Ẹ fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù àti I-94 kún un, àti àkọsílẹ̀ báńkì ẹni tó ń bọ́ wọn. Ọmọ tó gbà wọ́n lálejò tún lè kọ fọ́ọ̀mù I-134 láti fi ṣe onígbọ̀wọ́ wọn.

Gbólóhùn kan wà tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà nínú lẹ́tà yìí: “Mo fẹ́ dúró láti máa tọ́jú ọmọ kí ọmọ mi lè padà sẹ́nu iṣẹ́.” Létí Yorùbá, ojúṣe ìyá àgbà ni. Létí òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ agbọ́mọ ni, wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tó bá ń ṣe é lọ́hùn-ún. B2 kò gba iṣẹ́ láyè. Kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ parọ́. Bó bá jẹ́ pé àbẹ̀wò ni, tí Màmá sì ń wẹ ọmọ, ń se ọbẹ̀, ń bá ìyá ọlọ́mọ ṣeré títí ara rẹ̀ á fi le, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó ilé ìtọ́jú ọmọ (crèche) ni ẹ fẹ́ sá fún fún odidi ọdún kan, fọ́ọ̀mù I-539 kọ́ ló wà fún un.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, I-797C á wọlé. Rìsíìtì lásán ni, kì í ṣe ìdáhùn. Bí wọ́n bá pè fún ìtẹ̀ka, ẹ lọ, torí ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á kà á sí pé ó ti pa ìwé rẹ̀ tì. Ìdáhùn lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ tí èèyàn tọrọ gan-an á kọjá kí wọ́n tó fèsì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, bí ìwé bá dé lásìkò, tó ní ìdí gidi, tí onítọ̀hún kò sì ṣiṣẹ́, wọn kò ka ọjọ́ ìjókòó láìláṣẹ sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ààbò yìí kọjá ọjọ́ tó tọrọ. Bí Màmá bá tọrọ títí di ọjọ́ 18 oṣù keje, tí ọjọ́ náà ń bọ̀ láìsí èsì, kí wọ́n lọ sílé, tàbí kí wọ́n kọ I-539 mìíràn, kí wọ́n sì tún sanwó, kí ọjọ́ náà tó pé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: rìsíìtì kan ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé títí wọ́n á fi dáhùn.

Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kíkà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí oore-ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan fún àlejò B2. Kí ẹ ti di ẹrù sílẹ̀.

“Oore-ọ̀fẹ́ ọjọ́ 180” tí wọ́n ń sọ kiri náà ńkọ́? Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó láìláṣẹ ju ọjọ́ 180 lọ, tí kò tó ọdún kan, tó wá kúrò nílùú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́ta. Ó di ọdún mẹ́wàá bó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti rí 180. Ìyà tó kéré ju ìyẹn ń bẹ, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì ń mú un wá: ẹni tó bá kọjá ọjọ́ I-94 láìfi ìwé kankan sílẹ̀, òfin ti sọ físà tó fi wọlé dòfo, ìbáà ku ọdún kan gbáko lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ tọrọ òmíràn. Ẹni tó ń gbèrò Accra tàbí Cotonou nítorí pé ìlà kúrú níbẹ̀ kò lè lọ mọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, físà Màmá ti kú tẹ́lẹ̀, àmọ́ òfin yìí mú wọn ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ọdún mẹ́ta sì wọlé bó bá di ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ láìfi ìwé sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kí Màmá kàn sọdá sí Kánádà tàbí Mẹ́síkò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n padà gba oṣù mẹ́fà tuntun. Físà tí wọ́n fi ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti jẹ tiẹ̀ tán, ẹni tó bá sì ní ti àtijọ́ tó gba ìwọlé púpọ̀, òṣìṣẹ́ lè fi ọjọ́ I-94 àtijọ́ náà dá a padà.

Gbígba àfikún lọ́nà tó tọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ó ń fa ìbéèrè. Ẹni tó sọ fún kọ́ńsúlù pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa lò, tó wá lo oṣù mọ́kànlá, wọ́n á bi í léèrè nígbà tó bá tún fẹ́ lọ. Ní báyìí tí àṣẹ ààrẹ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026 ti dá físà B1/B2 dúró fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ń rò pé níwọ̀n bí kò ti sí òmíràn, ká kúkú jókòó. Ọdún mẹ́wàá gùn ju àṣẹ ààrẹ lọ.

Bí Màmá bá ń bọ̀ kí USCIS tó fèsì, kí I-797C àti ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ wà nínú àpò ọwọ́ wọn, kì í ṣe nínú ẹrù. Òun ni ẹ̀rí tí wọ́n máa fi hàn kọ́ńsúlù pé wọn kò jókòó kọjá ọjọ́ láìtọrọ. Kí wọ́n tọ́jú bébà wíwọ bàálù àti òǹtẹ̀ Mùrítàlá pẹ̀lú, pàápàá bí wọ́n bá gba ojú ilẹ̀ jáde sí Kánádà tàbí Mẹ́síkò, torí ìjáde ti ojú ilẹ̀ kì í fìgbà gbogbo hàn nínú àkọsílẹ̀ CBP.