Ihò Rédíò Tó Di Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ní Umuahia

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ kí wọ́n tó kó ẹrù sí i. Ti ogun tó wà ní Umuahia, ìpínlẹ̀ Abia, kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dábàá ilé.

Ní oṣù Kẹwàá 1967 ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Enugu mọ́ Biafra lọ́wọ́. Ojukwu àti ìjọba rẹ̀ kẹ́rù, wọ́n ń ṣí kiri títí wọ́n fi fìdí kalẹ̀ sí Umuahia. Rédíò wà lára ohun tí wọn kò jẹ́ fi sílẹ̀. Wọ́n ti dí ojú òkun mọ́ wọn, ìbọn kò tó, oúnjẹ kò tó; ohùn tó ń gba orí shortwave lọ sókèèrè ló kù tí wọ́n fi lè bá ayé sọ̀rọ̀. Okokon Ndem tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kò sì yìnbọn kankan. Àmọ́ bàlúù ìjọba àpapọ̀ ń ju bọ́ǹbù, ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń gbé rù sá wọ igbó. Wọ́n gbé e wọ abẹ́ ilẹ̀, sínú bọ́ńkà kan ní Amafor.

Umuahia bọ́ lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kẹrin 1969. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kìn-ín-ní 1970, orí rédíò náà, tí wọ́n ti gbé kúrò ní Umuahia, ni Philip Effiong, igbákejì Ojukwu, ti ní kí àwọn ọmọ ogun Biafra jáwọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà ló wá sí Dodan Barracks l'Ékòó, níwájú Gowon, ogun sì parí.

Irin ogun wá kù káàkiri. Ọ̀gágun T. Y. Danjuma, tó jẹ́ olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀ láti 1975 sí 1979, ni wọ́n ka àbá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sí lọ́rùn: kí wọ́n ṣa ohun ìjà tí wọ́n fi jagun jọ kó tó dìpàǹtí. Ọbásanjọ́ ló ń ṣolórí orílẹ̀-èdè ní apá tó pọ̀ nínú àsìkò yẹn, òun náà tí Biafra túúbá fún lójú ogun. Nígbà tó di pé kí wọ́n yan ibi tí wọn yóò kó wọn sí, bọ́ńkà rédíò yẹn ni wọ́n yàn. Lójú tèmi, kò sí ibòmíràn tó tọ́ sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tunde Idiagbon, ọmọ Ìlọrin, igbákejì Buhari nígbà náà, ló ṣí i ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní 1985. Ọjọ́ tí ogun parí gan-an nìyẹn, ọjọ́ tí a sì fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú.

Ọ̀kọ̀, idà, ọrun àti ọfà wà níbẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wa. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ohun tí àlejò ń tìtorí rẹ̀ wá ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó pàdánù ogun: ogbunigwe, bọ́ǹbù tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Biafra fi ọwọ́ ara wọn rọ, àti Red Devil, ọkọ̀ tí wọ́n da irin bò kí ọta má baà wọ inú rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ náà wà, NNS Bonny, ọkọ̀ ojú omi ogun odindi tó dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ nílùú tí kò sí létí òkun. Ìjọba tó ṣẹ́gun ló ń sanwó ìtọ́jú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń pe bọ́ńkà rédíò yìí ní bọ́ńkà Ojukwu. Ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Inú ọgbà Michael Okpara, olórí ìjọba apá Ìlà-Oòrùn tẹ́lẹ̀, ni ìyẹn wà, láàárín Umuahia níbẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí méjèèjì ní láti jáde ní Amafor kó tó lọ síbẹ̀.