Ogun láàárín àwọn ọba Chalukya àti àwọn ọba Pallava

Ogun Chalukya àti Pallava ni ogun àjàtúnjà tí ìdílé ọba méjì bá ara wọn jà ní gúúsù Íńdíà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún keje títí dé àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ. Vatapi, tí à ń pè ní Badami lónìí ní ìpínlẹ̀ Karnataka, ni olú ìlú àwọn Chalukya. Kanchipuram, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ni ti àwọn Pallava. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ogun náà ló wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọba fúnra wọn ní kí wọ́n gbẹ́ sára òkúta tàbí sára àwo bàbà. Ẹni tó ṣẹ́gun ló ń ròyìn, ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun a sì pa ẹnu mọ́. Ó di dandan kí a gbọ́ tọ̀tún kí a gbọ́ tòsì kí ìtàn náà tó dúró.

Ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà láàárín odò Krishna àti odò Tungabhadra ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀, pẹ̀lú agbègbè Vengi tó wà níbi tí odò Krishna àti Godavari ti ń wọ òkun. Pulakeshin Kejì gorí oyè Chalukya ní nǹkan bí ọdún 610. Òun ló dá Harsha, alágbára ìhà àríwá, padà létí odò Narmada. Ó gba Vengi, ó fi àbúrò rẹ̀, Vishnuvardhana, jẹ olórí níbẹ̀, àtọmọdọ́mọ àbúrò yìí sì jọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Lẹ́yìn èyí ló kọjú ogun sí Kanchipuram, nígbà tí Mahendravarman Kìíní wà lórí oyè Pallava.

Àkọlé tí Ravikirti, akéwì Pulakeshin, ṣe sí tẹ́ńpìlì Meguti ní Aihole lọ́dún 634 sọ pé eruku tí ọmọ ogun Pulakeshin tú sókè bo ògo ọba Pallava mọ́lẹ̀, tó fi sá pamọ́ sẹ́yìn odi Kanchipuram. Àwo bàbà àwọn Pallava sọ tirẹ̀ pé Mahendravarman fọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ túútúú ní Pullalur, àmọ́ kò dárúkọ ọ̀tá náà. Pullalur kò jìnnà sí Kanchipuram rárá. Bí àwọn Chalukya bá sì ni ọ̀tá tí wọ́n ń wí, bí àwọn Pallava tiẹ̀ borí, ogun ti ká wọn mọ́lé kí wọ́n tó lè é padà.

Xuanzang, mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà láti Ṣáínà, dé ilẹ̀ Pulakeshin ní nǹkan bí ọdún 641, ohun tó kọ sì wúlò púpọ̀ nítorí pé kì í ṣe ará ilé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ó ní ọba náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún akọni tí wọ́n máa ń mu ọtí yó kí wọ́n tó wọ ojú ogun, wọ́n á sì fún àwọn erin náà lọ́tí mu kí wọ́n lè ya lu ọ̀tá. Balógun tó bá pàdánù ogun kò ní jẹ ìyà mìíràn ju pé kí wọ́n fi aṣọ obìnrin ta á lọ́rẹ. Ìtìjú yẹn sì tó láti mú un wá ikú lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí nǹkan fi yí padà. Narasimhavarman Kìíní, ọmọ Mahendravarman, ṣẹ́gun Pulakeshin ní Pariyala, Manimangala àti Suramara. Àwo bàbà Kuram, tó jẹ́ ti àwọn Pallava, ní Narasimhavarman kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun sí Pulakeshin lẹ́yìn bí ẹni ń kọ̀wé sára àwo, nítorí pé ẹ̀yìn ọba náà nìkan ni wọ́n rí bó ti ń sá lọ. Lọ́dún 642, Narasimhavarman wọ Vatapi. Àwọn òpìtàn gbà pé inú ìjà yìí ni Pulakeshin kú sí. Manavamma, ọmọ ọba Siri Láńkà tó ń ṣàtìpó lọ́dọ̀ àwọn Pallava, ran Narasimhavarman lọ́wọ́ nínú ogun náà. Narasimhavarman náà sì fún un lọ́mọ ogun lẹ́yìnwá láti fi gba ìtẹ́ baba rẹ̀. Ọba Pallava gba oríkì Vatapikonda, ìyẹn ẹni tó gba Vatapi, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ òun sára òkúta nínú ìlú tó gbà náà. Àkọlé ọ̀hún ṣì wà ní Badami.

Ó tó nǹkan bí ọdún 13 kí Vikramaditya Kìíní, ọmọ Pulakeshin, tó gba ìlú baba rẹ̀ padà. Ìgbẹ̀san ló gbájú mọ́ lẹ́yìn náà. Lọ́dún 674, ó pàgọ́ sí Uragapura ní gúúsù odò Kaveri, lẹ́yìn tó ní òun ti gba Kanchipuram. Àwọn Pallava ní ọba wọn, Paramesvaravarman Kìíní, ṣẹ́gun rẹ̀ ní Peruvalanallur, tó fi sá lọ pẹ̀lú àkísà lára. Wọ́n tiẹ̀ dárúkọ erin ọba wọn, Arivarana, àti ẹṣin rẹ̀, Atishaya.

Vikramaditya Kejì, ọba Chalukya tó jọba láàárín ọdún 733 sí nǹkan bí 744, wọ Kanchipuram nígbà ayé Nandivarman Kejì, ọba Pallava, ṣùgbọ́n kò ba ìlú náà jẹ́. Ó wo ọrọ̀ tẹ́ńpìlì Kailasanatha, ó dá a padà fún òrìṣà, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Kannada sára òpó inú tẹ́ńpìlì ọ̀tá rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ogun yìí fi sílẹ̀, èyí ló yẹ kí a máa rántí jù. Àwọn olorì rẹ̀ méjì, Lokamahadevi àti Trailokyamahadevi, kọ́ tẹ́ńpìlì Virupaksha àti Mallikarjuna sí Pattadakal láti fi ṣàmì ìṣẹ́gun náà, iṣẹ́ ọnà Pallava sì hàn gbangba lára wọn. UNESCO ka Pattadakal mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 1987.

Dantidurga, olórí ìdílé Rashtrakuta tó ti wà lábẹ́ àwọn Chalukya tẹ́lẹ̀, ló gba ilẹ̀ náà mọ́ Kirtivarman Kejì, ọmọ Vikramaditya, lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún 753. Àwọn Pallava pẹ́ jù wọ́n lọ, títí Aditya Kìíní, ọba Chola, fi ṣẹ́gun ọba wọn, Aparajita, ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án.