Ìbọ̀wọ́ ìyọ̀lẹ̀ fún longboard: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò

Ẹni tó ń fi longboard, pátákó gígùn onítáyà mẹ́rin tí ènìyàn ń dúró lé lórí, sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kò ní bíréèkì kankan lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí eré bá ti ń pọ̀ jù, ṣe ló máa ń yí pátákó náà dábùú ọ̀nà, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lórí ọ̀dà títì. Yíyọ̀ yẹn ló ń jẹ eré náà kù. Àmọ́ ó ṣòro kí ènìyàn dúró ṣánṣán lórí pátákó tó dábùú kó má ṣubú. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń lóṣòó, tí á fi ọwọ́ kan tẹlẹ̀, tí ọwọ́ náà á sì di ẹsẹ̀ kẹta fún un. Cliff Coleman, ará Berkeley ní ìpínlẹ̀ California, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ń pe irú ìyọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Coleman slide títí dòní.

Ọwọ́ lásán kò lè fara da ọ̀dà tó ń sá lọ lábẹ́ rẹ̀ ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan. Awọ nìkan kò lè fara dà á pẹ́, bó ti wù kó nípọn tó. Puck ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an: ike líle, pẹlẹbẹ, tó máa ń rí rìbìtì lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́. Iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ ni kó di puck mú síbi tó yẹ, kó sì bo ìyókù ọwọ́. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á yí i dojú dé kó tó máa wo àwọ̀ àti orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Oríṣi ike tí wọ́n fi gé puck ló ń pinnu bí yóò ṣe yọ̀ àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe tiwọn fúnra wọn ni HDPE, ike tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìgé-nǹkan ilé ìdáná. Ó ń yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì ń yọ́ nígbà tí ooru bá tó bíi 130 lórí ìwọ̀n Celsius. UHMWPE jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Òun náà kò fẹ́ràn ooru, ṣùgbọ́n ó ṣòro gan-an láti ha tán. Delrin, ike mìíràn, le ju àwọn méjèèjì lọ, kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi tó bíi 175. Corian wá yàtọ̀ pátápátá, nítorí àwọn tó ń ṣe ojú tábìlì ilé ìdáná ni wọ́n ṣe é fún. Lúbúlúbú òkúta ló pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kì í yọ́, ṣe ló máa ń di ẹtù díẹ̀díẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè sán bó bá já lu ilẹ̀ líle. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àríyànjiyàn lórí èyí tó dára jù kò tó nǹkan: ọwọ́ rẹ̀ ṣì wúwo lórí ilẹ̀, yóò sì jẹ puck yòówù tán bí ọṣẹ. Puck olówó pọ́ọ́kú tí ìpààrọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ ló máa wúlò fún un jù.

Ẹ má fojú fo etí puck. Etí tí wọ́n fá kó dà gẹ̀rẹ́ máa ń gun orí ibi tí ọ̀dà ti là, á sì kọjá lọ. Etí tó mú ṣánṣán máa ń kọ́ ibẹ̀, ọwọ́ á dúró lójijì, ara á sì máa lọ.

Ibi tí ìbọ̀wọ́ ti sábà máa ń já ènìyàn kulẹ̀ ni Velcro tó so puck mọ́ ọn. Ojú kan Velcro náà rí múlọ́múlọ́, ìyẹn ni wọ́n máa ń rán mọ́ ìbọ̀wọ́. Ojú kejì ní ìkọ́ wẹ́wẹ́, ó sì wà lẹ́yìn puck. Gúlù ló sábà máa ń mú ti ẹ̀yìn puck yẹn, gúlù kò sì fẹ́ràn ooru. Bí puck bá ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni ooru ilẹ̀ ń tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, títí puck á fi ṣí kúrò láàárín ìyọ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ á wá kan ọ̀dà. Puck tuntun sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 20. Èyí tó bá ti kù bíi mìlímítà 5, ó ti kúrò ní ohun tí ènìyàn ń gbé lọ sórí òkè. Lára ìbọ̀wọ́, Velcro tí wọ́n fi òwú rán yípo, tí wọ́n tún rán gba àárín kọjá, ni kí a wá. Èyí tí wọ́n kàn fi gúlù lẹ̀, kò sí bí ẹwà rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó tó yẹ ká rà á.

Iṣẹ́ kejì tí puck ń ṣe máa ń hàn nígbà tí ènìyàn bá ṣubú. Ẹni tó ń ṣubú kì í ronú kó tó na ọwọ́ síwájú. Bí ilẹ̀ bá di ọwọ́ náà mú, gbogbo agbára ìṣubú yóò gba ọrùn ọwọ́, egungun kékeré tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, scaphoid, sì wà lára àwọn tó máa ń fara gbá a. Bí puck bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ á yọ̀ lọ síwájú, agbára náà á sì pín. Ìdí kan náà ni àwọn tó ń fi alùpùpù díje fi ń lo ìbọ̀wọ́ tó ní ike líle ní ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí kò bá iṣẹ́ yìí mu ni ìdáàbòbò ọrùn ọwọ́ onírin tàbí oníke gígùn tí àwọn ọmọ skateboard ń wọ̀. Ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ sẹ́yìn kí puck tó lè pẹlẹbẹ sórí ilẹ̀, irú ìdáàbòbò yẹn kò sì jẹ́ kó tẹ̀.

Awọ màlúù àti awọ ewúrẹ́ ló wọ́pọ̀ fún ìbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀. Ti ewúrẹ́ máa ń rọ̀ mọ́ ọwọ́, ti màlúù máa ń nípọn. Òwú Kevlar, tí kì í tètè já, ní ojú rírán dára. Ibi tí wọ́n rán an sí tún ṣe pàtàkì ju òwú lọ, nítorí ojú rírán tó bá wà ní orí ìka níta ni ọ̀dà máa kọ́kọ́ já. Ní ti ìwọ̀n, ènìyàn á wọn àtẹ́lẹwọ́ yípo, láìka àtàǹpàkò. Kó fún díẹ̀ nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, torí pé awọ á nà. Ìka ìbọ̀wọ́ tó gùn ju ìka ènìyàn lọ á máa fì, ilẹ̀ á sì jẹ ẹ́.

Puck orí ìka wúlò fún ẹni tí ìka rẹ̀ máa ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dí ẹni tó ń fọwọ́ di etí pátákó mú lọ́wọ́. Ike ẹ̀yìn ọwọ́ wà fún ẹni tó ń fi pátákó sáré gan-an. Puck tó ń tan iná pàràpàrà lójú ọ̀nà jẹ́ afẹ́ lásán, ó sì léwu níbi tí koríko gbígbẹ bá wà.

Puck máa ń sọ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń gùn ún. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, ọwọ́ ń dà sí ẹ̀gbẹ́ ni. Kó yí puck náà po díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá gùn ún, kó lè máa jẹ déédéé. Ọwọ́ tó máa ń tẹlẹ̀ jù ni puck rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ tán, nítorí náà a lè pààrọ̀ ti ọ̀tún sí òsì tí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyanrìn kúrò nínú ìkọ́ Velcro, nítorí iyanrìn kì í jẹ́ kó dì mú dáadáa.