Apá Òsì Ọpọlọ: Bó Ṣe Di Ilé Ọ̀rọ̀

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ti pe ìbáwí wá bá ara rẹ̀. A kì í sáà á fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́wàá káríayé, bíi mẹ́sàn-án ló ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ìbáà jẹ́ pé wọ́n bá wọn wí tàbí wọn ò bá wọn wí. Apá òsì ọpọlọ ló sì ń darí ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Ibẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ ń gbé lára ọ̀pọ̀ jù nínú wa. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rọpárọsẹ̀, ìbáà ṣe ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti OAU tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà, á ti rí i: ẹni tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń bọ́ mọ́ lẹ́nu.

Ilẹ̀ Faransé ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leborgne lo ohun tó lé ní 20 ọdún ní ilé ìwòsàn Bicêtre lẹ́bàá Paris. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, “tan” ni ìdáhùn, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Tan. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí o. Èsì ni kò rí fọ̀. Nígbà tó yá, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ náà rọ. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1861, dókítà Paul Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé iwájú lápá òsì ló ti bàjẹ́. Lẹ́yìn tó rí irú rẹ̀ mélòó kan sí i, ó kéde ní 1865 pé apá òsì ọpọlọ la fi ń sọ̀rọ̀. Dókítà kan, Marc Dax, ti kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti 1836, ṣùgbọ́n ó ti kú tipẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó gbé e jáde ní 1865 kan náà. Broca ló lorúkọ. Lójú tèmi, Dax ló lẹ̀tọ́ sí i. Ní 1874, Carl Wernicke ará Jámánì fi ojú ibòmíràn hàn, lẹ́yìn díẹ̀ lápá òsì yẹn náà: bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ á máa dà bí òjò, kò ní ní ìtumọ̀.

Ní 1968, ọ̀mọ̀wé méjì, Geschwind àti Levitsky, wọn 100 ọpọlọ ènìyàn. Nínú 65 lára wọn, ibì kan tó wà nítòsí ojú ibi Wernicke tóbi ní òsì ju ọ̀tún lọ. 11 péré ni ti ọ̀tún tóbi jù. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá gbà pé àmì ọmọ ènìyàn nìyí, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló mú apá òsì tóbi.

Ìnàkí (chimpanzee) ló wá tú wọn láṣìírí, ẹranko tí à ń fi orúkọ rẹ̀ bú ara wa ládùúgbò. Ní 1998, Patrick Gannon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ibẹ̀ gan-an lórí ọpọlọ ìnàkí 18: 17 ló tóbi jù ní òsì. Ní 2001, Cantalupo àti Hopkins fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ìnàkí, bonobo tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ àti gòrílà, 27 lápapọ̀, wọ́n sì rí i pé òsì náà ló tóbi jù ní ibi tó bá ojú ibi Broca mu. Bẹ́ẹ̀ ìnàkí kò sọ̀rọ̀ rí. Tọkọtaya Hayes tọ́ ọ̀kan tó ń jẹ́ Viki dàgbà bí ọmọ ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wàhálà wọn, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin ló já sí, kò sì já gaara. Ilé ti wà, ayálégbé ni kò tíì dé.

Kí wá ni ìnàkí ń fi apá òsì yẹn ṣe? Ọwọ́ ni mo fura sí. Ìnàkí kan, Washoe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní èdè àwọn adití ní 1966, mọ àmì tó ju 100 lọ. Àwọn ìnàkí tí Hopkins ṣọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń tọrọ nǹkan. Adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ pàápàá, bí àrùn bá kọlu apá òsì ọpọlọ rẹ̀, àmì ọwọ́ rẹ̀ á dàrú, bí kò tilẹ̀ lo ohùn rí.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ló fara mọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n fi maikirosikópù wo ojú ibi Broca lọ́dọ̀ ìnàkí ní 2010, wọn kò rí i pé òsì ju ọ̀tún lọ. Èyí tó dá mi lójú jù ni iṣẹ́ tí James Rilling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2008. Ìdìpọ̀ fọ́nrán kan wà tó so ojú ibi Broca mọ́ ẹ̀yìn ọpọlọ. Ìnàkí náà ní in, àmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sì í sábà wọ ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ lápá etí. Tiwa nípọn, ó sì wọ ibẹ̀ jìnnà, pàápàá ní òsì, dé ibi tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń gbé.