Fẹ́lónì: Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ìtanràn

Ẹni tó bá ń jókòó sí kóòtù Májísíréètì ní Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀ á máa gbọ́ "abala 390" nínú ìwé ẹ̀sùn. Olè jíjà ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni òfin kọ sí i, ìyẹn ló sọ ọ́ di fẹ́lónì, torí pé ẹ̀ṣẹ̀ yòówù tí ìjìyà rẹ̀ bá tó ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sókè, títí dé ikú, fẹ́lónì ni. Fóònù kan ṣoṣo tí wọ́n jí lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà ti tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí òfin kọ la fi ń mọ fẹ́lónì, kì í ṣe ohun tí adájọ́ dá fúnni. Adájọ́ lè ní kí ẹni tó jí fóònù náà san owó ìtanràn kó máa lọ sílé. Àwọn ẹbí á tuwó jọ, wọ́n á san án, wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí o! Wọ́n ti dá a lẹ́bi, ọlọ́pàá sì ti gba àmì ìka rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ìwà fún físà, ìka yẹn náà ni wọ́n á tún tẹ̀. Bó bá sì purọ́ nínú fọ́ọ̀mù, Kánádà lè ní kó má wọ̀lú àwọn fún ọdún 5.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá lẹ́bi lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi olè tàbí jìbìtì kò lè du ipò gómìnà tàbí aṣòfin títí ọdún 10 á fi kọjá. Ní ti ìbò dídì, ẹ̀tọ́ yẹn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Amẹ́ríkà ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹni.

Kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tó sọ pé òun jẹ̀bi ni kó ti rí lọ́yà. Òfin fún adájọ́ láyè, bí ẹ̀ṣẹ̀ bá kéré tàbí tí ọjọ́ orí kò tíì tó nǹkan, láti tú ẹni sílẹ̀ láìdá a lẹ́bi rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bèèrè kì í sábà rí i gbà. Bí Kóòtù Gíga bá ti dá a lẹ́bi, ọjọ́ 90 ló ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ìyókù di ọwọ́ ìdáríjì ìjọba. Nínú ẹjọ́ Falae àti Obasanjo ní 1999, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ìdáríjì kíkún ń sọ ẹni di ẹni tuntun. Bí ó bá jẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló rú, Gómìnà ni kó kọ̀wé sí. Bó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ ni.