Bámà Tó Ṣẹ́kù, Iná Ló Yẹ Ẹ́

Ọjọ́ kejì àríyá ni ìbéèrè yìí máa ń dé. Wọ́n ti kó àga àti àtíbàbà lọ, wọ́n ti pín ẹran tó kù fún ẹbí, ike bámà ńlá méjì wá jókòó sílé ìdáná, ọ̀kan ò tíì dé ìdajì. “Ìyá alásè, ṣé ká tún fi ṣe sàláàdì ni, kó má bàa ṣòfò?” Rárá o. Nínú gbogbo ibi tí ẹ lè gbé bámà tó ṣẹ́kù lọ, sàláàdì ló burú jù.

Gbogbo máyónéèsì ni mò ń pè ní bámà níbí, orúkọ yòówù kó wà lára ike, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é lọ́jà. Sàláàdì kírìmù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òróró rẹ̀ kéré, ṣúgà rẹ̀ pọ̀, tó bá débi iná yóò jóná kí oúnjẹ tó jinná. Ojúlówó bámà, òróró ni. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ohun tí òróró inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 65 nínú 100 kò gbọdọ̀ jẹ́ máyónéèsì. Ìyókù ni pupa ẹyin, fínígà, iyọ̀ àti omi díẹ̀. Pupa ẹyin ló di òróró àti fínígà mú tí wọn ò fi túká. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ogún irú oúnjẹ: níbikíbi tí ẹ bá ti máa lo òróró àti ẹyin, bámà lè dúró níbẹ̀.

Ẹ ti orí adìyẹ bẹ̀rẹ̀, òun ló ń jẹ bámà jù. Fún kílò kan adìyẹ tí a gé, ẹ mú bámà ṣíbí ìjẹun 4, ata gígún ṣíbí tíì 1, kọ́rì àti táímù ìdajì ìdajì ṣíbí tíì, atalẹ̀ àti aáyù tí a rin pọ̀ ṣíbí tíì 2, àti mágì ẹyọ kan. Ẹ má fi òróró sí i. Ẹ má sì fi iyọ̀ sí i, torí iyọ̀ wà nínú bámà, ó tún wà nínú mágì. Kí ẹ tó fi pa adìyẹ lára, ẹ fi tíṣù nu omi ara rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Bámà kì í lẹ̀ mọ́ ara tó lómi, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ bọ́. Ẹ óò ṣí ààrò, ẹ óò bá adìyẹ funfun nínú adágún òróró, ẹ óò wá máa bú bámà. Kí ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń fi ìpara pa ọmọ lára, kì í ṣe bí ẹni ń rẹ́ ilé. Ẹ fi sínú fíríìjì fún wákàtí 2, ó sì lè di òwúrọ̀. Ẹ yan án nínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 40 sí 45. Ẹni tó bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru inú ẹran, kó wá 74 níbi tó nípọn jù, kó má jẹ́ kó kan egungun. Ẹyin inú bámà ló ń mú awọ pọ́n, òróró rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àyà adìyẹ gbẹ fúrúfúrú. Tó bá jẹ́ èédú ni ẹ fẹ́ lò, ẹ wọ́ èédú sí apá kan, kí adìyẹ wà lápá kejì, torí òróró tó bá kán sínú iná ń gbiná, èéfín rẹ̀ á sì mú ẹran korò. Àṣẹ́kù bámà tó ti kan adìyẹ tútù, kó má padà sínú ike láéláé. Ẹ dà á nù.

Ẹja kò yàtọ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí búrẹ́dì gbígbẹ tí a lọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára kí ẹ tó dín in, ẹ fi bámà pa á dípò kí ẹ rì í sínú ẹyin. Ṣíbí tíì 2 ti tó ègé kan.

Iṣu náà ń gbà á dáadáa. Ẹ se kílò kan, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, ẹ gún un tàbí kí ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá dúró títí oru rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ dúró o! Bámà tó bá bọ́ sínú iṣu tó ń ho fùùfùù máa ń pínyà, iṣu á sì máa làágùn òróró. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi bámà ṣíbí ìjẹun 3 sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata tí a gé wẹ́wẹ́, ẹ mọ ọ́n róbótó, ẹ yí i nínú búrẹ́dì gbígbẹ, ẹ dín in nínú òróró díẹ̀. Ọmọ tí kì í jẹ iṣu á jẹ ẹ́.

Ìrẹsì sísè tó ti tutù, ife 2: ẹ fi bámà ṣíbí ìjẹun 1 pò ó kí ẹ tó dín in, hóró kò ní lẹ̀ mọ́ra. Ẹyin díndín: ṣíbí tíì 1 fún ẹyin kan, ẹ pò ó títí kò fi ní kókó, ẹ má fi mílíìkì sí i. Búrẹ́dì sísun: ìta búrẹ́dì la ń pa á sí, ṣíbí tíì 1 fún ojú kan, lórí iná tó rọra ń jó.

Kéèkì kòkó lọ̀pọ̀ kì í gbà gbọ́ títí wọ́n á fi jẹ ẹ́. Ìyẹ̀fun ife 2, ṣúgà ife 1, kòkó aláìládùn ṣíbí ìjẹun 4, baking soda ṣíbí tíì 2, bámà ife 1, omi tútù ife 1, fànílà ṣíbí tíì 1. Kò gba ẹyin mọ́, kò gba bọ́tà. Ẹ po àwọn gbígbẹ pọ̀, ẹ po àwọn olómi lọ́tọ̀, ẹ wá dà wọ́n pọ̀, ẹ má lù ú pẹ́. Ìwọ̀n ooru 180, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Baking soda ni mo sọ, kì í ṣe baking powder. Fínígà inú bámà ló ń jà pẹ̀lú sódà tí kéèkì fi ń wú, torí náà ẹ gbé e sí ààrò lẹ́yẹ ò sọkà, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má bàa sá tán. Kí ẹ sì yẹ ike wò, kó má lọ jẹ́ bámà aláàyù.

Nínú oúnjẹ orí iná, ọbẹ̀ tó ń ho nìkan ni kí ẹ jìnnà sí. Ẹyin rẹ̀ á di kókó, òróró rẹ̀ á léfòó.

Sàláàdì wá ńkọ́? Bámà ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í tètè gba kòkòrò àrùn láyè, torí ó kan, wọ́n sì ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹyin rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá pò ó mọ́ pòtétò sísè, ẹyin sísè, mákarónì àti adìyẹ tí a fà ya ni kíkan yẹn ń dín kù. Ọwọ́ tó bó ẹyin àti pátákó tí wọ́n ti gé ẹran tútù lé ló ń gbé kòkòrò wọlé. Láàárín ooru 4 sí 60 ni wọ́n ti ń bí sí i. Wákàtí 2 ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè lò níta. Tí ooru bá ju 32 lọ, wákàtí 1 péré ni, abẹ́ àtíbàbà ní Ìbàdàn lóṣù kẹta sì máa ń ju 32 lọ. Àmọ́ wọ́n á ro sàláàdì ní aago márùn-ún àárọ̀, wọ́n á bù ú fún àlejò ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n á ní ó ṣáà wà nínú kúlà. Kúlà kì í mú nǹkan tutù! Ohun tí ẹ bá gbé sínú rẹ̀ ló ń pa mọ́ bó ṣe wà. Ẹ gbé sàláàdì lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i láìsí yìnyín, ẹ ti tẹ́ ibùsùn fún kòkòrò.

Tí èèyàn mẹ́wàá bá wá ń bì lálẹ́, wọ́n á ní ayé ni, ẹnì kan ti fi nǹkan sóúnjẹ, wọ́n á máa wo ìyá ọkọ lójú. Ẹ fi ìyá ọkọ sílẹ̀. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní staphylococcus, inú imú àti ojú ọgbẹ́ ọwọ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ló ń gbé. Tó bá ráyè nínú oúnjẹ, oró ló ń tú sí i, oró náà sì lè mú èèyàn bì láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 8. Ẹ gbé oúnjẹ náà kaná, kòkòrò á kú, oró ò ní lọ. Epo pupa tí wọ́n ń rọ́ sí aláìsàn lẹ́nu kì í pa oró yìí. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ni kí ẹ dá padà: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí ṣíbí tẹ́jú dáadáa, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí bíbì ò bá dúró, tó bá jẹ́ ọmọdé, aboyún tàbí arúgbó, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Bámà tí ẹ fi ẹyin tútù lọ̀ fúnra yín nílé kò ní ààbò ti ilé iṣẹ́. Ọjọ́ 3 sí 4 ni nínú fíríìjì, kó má sì dé òde àríyá rárá.

Èyí tó wà nínú ike, ṣíbí gbígbẹ tó mọ́ ni kó máa wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí fíríìjì fi gbóná ju 10 lọ fún wákàtí tó lé ní 8, ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ni pé kí a dà á nù, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹ má gbé e sí fírísà, yìnyín á tú u ká. Bó bá ti ń rùn bí òróró ẹ̀pà àtijọ́, ẹ má fetí sí àwọn tó ní kí ẹ fi omi gbígbóná lọ̀ ọ́ kó lè jí.

Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ara ike tí ṣíbí ò ká mọ́, ẹ da fínígà ṣíbí ìjẹun 2 sí i pẹ̀lú ata gígún àti mágì, ẹ dé e pa, ẹ mì ín dáadáa, ẹ gbọ̀n ọ́n jáde. Ó tó fi pa ẹja Títù méjì lára kí ẹ tó yan wọ́n.